Ìwọ̀ Oníyẹ̀ẹ́ Lórí Odò Kampe Nígbà Ọyẹ́

Ọkọ àbúrò mi obìnrin ń gbé ní Denver, nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Nígbà tí wọ́n wálé wá ṣe Kérésìmesì ní Ẹ̀gbẹ̀, ní Ìpínlẹ̀ Kogi, ó gbé ọ̀pá ìpẹja kan dání, èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ dé góńgó, tí wọ́n pín sí wẹ́wẹ́ kó lè wọ àpótí. Ó ní nísàlẹ̀ dáàmù Omi, lórí odò Kampe, lòun ti fẹ́ lò ó kí ọyẹ́ tó kásẹ̀ nílẹ̀. Inú òtútù ló ti kọ́ iṣẹ́ náà. Ó ti pẹ́ tó ti ń pa ẹja trout nínú odò tí yìnyín bo bèbè rẹ̀, nítorí náà òtútù tiwa kò jọ ọ́ lójú. Ó lọ láàárọ̀ kùtù, ó bọ̀ lọ́wọ́ òfo. Ó dúró di ọ̀sán, ọwọ́ rẹ̀ ṣófo síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ bàbá apẹja tó bá létídò ń rí tirẹ̀ mú lọ sílé. Èmi ni mo mú un débẹ̀, èmi náà ni mo ń bi àwọn méjèèjì léèrè ọ̀rọ̀, nítorí pé ẹja ni mo ń sìn jẹ, ohun tó dojú ìwọ̀ rẹ̀ rú létídò sì ni ohun tó máa ń dojú oúnjẹ rú nínú pọ́ǹdì mi láti oṣù Kejìlá wọ oṣù Kejì.

Odò Kampe ni wọ́n sé tó di dáàmù Omi, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Yàgbà, kí odò náà tó máa bá tirẹ̀ lọ sápá àríwá láti lọ bá Ọya. Ìjọba àpapọ̀ ló kọ́ ọ, kí àwọn àgbẹ̀ Èjìbà àti agbègbè rẹ̀ lè máa rí omi dáko nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Téèyàn bá rìn sísàlẹ̀ títí tí kò fi gbọ́ ariwo dáàmù mọ́, yóò rí i pé ibú àti ibi pẹrẹsẹ ló ń tẹ̀ lé ara wọn. Ibú kan á jìn, á dúdú, omi rẹ̀ á máa yí jẹ́ẹ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ibi tí omi ò ju orúnkún lọ, tí òkúta ibẹ̀ ń yọ̀ nítorí nǹkan àwọ̀ ewé tó hù bò ó. Ibú mìíràn á tún tẹ̀ lé e. Nígbà ọyẹ́, òjò ti dáwọ́ dúró tipẹ́, odò ti fà, omi rẹ̀ sì mọ́ débi pé èèyàn lè ka òkúta ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Ibi tí àna mi ti ń pẹja ní ọ̀hún ni Deckers, lórí odò South Platte, nísàlẹ̀ dáàmù Cheesman tí wọ́n parí ní 1905. Ibẹ̀ fi ohun tó lé ní 1,900 mítà ga ju òkun lọ. Tí òtútù wọn bá dé, ọ̀pọ̀ odò orí òkè wọ̀nyẹn á dì, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ dáàmù kì í dì tán. Ìdí ni pé ìgbà tí omi bá wà ní 4°C ló máa ń wúwo jù. Èyí tó bá tutù ju bẹ́ẹ̀ lọ á léfòó, òun ló ń di yìnyín lókè. Ìsàlẹ̀ ni wọ́n sì ti ń ṣí omi dáàmù sílẹ̀, nítorí náà omi tó ń jáde sínú odò lóṣù Kìíní gbóná díẹ̀ ju ti àwọn odò yòókù lọ. Ibẹ̀ làwọn apẹja ń rọ́ lọ.

Trout kì í sáré nígbà òtútù. Oúnjẹ kì í tètè dà nínú rẹ̀, agbára kò sì pọ̀ lára rẹ̀ láti fi lé nǹkan kiri. Ó máa ń dúró nísàlẹ̀ ibú níbi tí ìṣàn ò ti le, kó máa yanu sí ohun tí omi bá gbé kọjá níwájú rẹ̀. Ohun tí omi sì ń gbé kọjá nígbà yẹn kò ju ìdin kòkòrò kan báyìí lọ, tó jọ ẹ̀fọn ṣùgbọ́n tí kì í jẹni. Ìdin yìí làwọn apẹja ń fi ìyẹ́ adìẹ, irun ẹran àti òwú ṣe, tí wọ́n ń wé e mọ́ ara ìwọ̀ tí kò ju hóró ìrẹsì lọ. Nínú ìpẹja tiwa, òjé ló ń gbé okùn dé ọ̀ọ́kán. Ìwọ̀ tiwọn fúyẹ́ jù, kò lè gbé ara rẹ̀ débì kankan, nítorí náà okùn fúnra rẹ̀ ni wọ́n ṣe kó nípọn kó sì wúwo, òun ni wọ́n ń jù síwá sẹ́yìn lókè orí títí yóò fi nà tán. Bàbá apẹja kọ́kọ́ rò pé ẹyẹ ló ń lé.

Ohun tí àna mi tẹnu mọ́ jù fún wa ni àkókò. Ní Deckers nígbà òtútù, kò sẹ́ni tó ń jí lọ sódò. Wọ́n á jẹun, wọ́n á mu kọfí, ilẹ̀ á ti mọ́ dáadáa kí wọ́n tó gbéra. Láàárín aago mọ́kànlá àárọ̀ sí aago mẹ́ta ọ̀sán ni omi á fi gbóná ní ìwọ̀n kan tàbí méjì, ìyẹn náà sì ti tó kí trout yanu. Ṣáájú ìgbà yẹn, omi tó bá kán sí òrùka ara ọ̀pá á kàn máa dì síbẹ̀ ni, wọ́n á máa fi ọ̀rá ìpa-ètè pa á kí okùn lè kọjá. Ti ìgbà ooru wọn yàtọ̀ pátápátá. Kùtùkùtù ni wọ́n ń lọ nígbà yẹn, bí omi bá sì ti dé nǹkan bíi 20°C, ẹni tó láàánú ẹja á ká ọ̀pá rẹ̀, nítorí trout tó bá jà lórí ìwọ̀ nínú omi tó gbóná tó bẹ́ẹ̀ lè kú lẹ́yìn tí wọ́n bá tú u sílẹ̀ pàápàá.

Òfin méjèèjì ló gbé wálé, ti òtútù àti ti ooru. Èwo ni kó yọ nínú wọn lórí Kampe ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Ọyẹ́ mú gan-an láàárọ̀ ọjọ́ tí a kọ́kọ́ lọ. Lórí ọ̀kadà, omi ń dà lójú wa, eruku sì ti bo àwọn àpáta ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà débi pé a ò rí wọn mọ́. A bá Bàbá lábẹ́ igi, ó dáná, ó ń yá ọwọ́. Àna mi, tó jẹ́ ọmọ Ọ̀fà ṣùgbọ́n tí ìyàwó rẹ̀ ti kọ́ ní ìkíni Yàgbà, ló ṣáájú kí wọn.

"Ókun o, Bàbá. Ẹ kú ọyẹ́."

"Ókun, àna wa. Ẹ kú ìrìn o. Ọyẹ́ ti ọdún yìí ò ṣeré."

Àna mi so tẹmómítà kékeré kan mọ́ okùn, ó jù ú sétí omi, ó dúró fún un, ó fà á yọ. Ó wà ní 22°C. Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá wo omi gbígbóná. Trout ò lè pẹ́ nínú èyí kó má kú." Níbẹ̀ ló ti pinnu pé òfin ooru lòun máa lò. Yóò pẹja ní kùtù, létí, níbi tí omi ò jìn, kó tó di pé oòrùn gun. Ó wọ jákẹ́ẹ̀tì pupa, ó ki ẹsẹ̀ bọ omi, ó ń ju okùn. Èmi tí mo wọ súwẹ́tà lé súwẹ́tà ń gbọ̀n, òun tó ní omi gbóná náà ń gbọ̀n.

Bàbá wò ó títí, ó ní, "Àna wa, ẹja wo ni yóò jẹun nínú òtútù yìí?"

"Bàbá, omi ò tutù o. Mo ti wọ̀n ọ́n."

"Ta lo wọ̀n ọ́n fún?"

Mi ò rò pé Bàbá ní in lọ́kàn láti dáhùn gbogbo ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n ó dáhùn rẹ̀. Ẹja kì í dá ooru tirẹ̀. Bí omi bá ṣe rí ni ara rẹ̀ ń rí, ìran ẹja kọ̀ọ̀kan sì ní ìwọ̀n omi tó bá a lára mu. Trout ń jẹun dáadáa láàárín nǹkan bíi 10 sí 16°C, tí omi bá sì sún mọ́ 25, ẹ̀mí rẹ̀ ti wà nínú ewu. Ẹ̀pìyà ní tirẹ̀ fẹ́ omi tó wà láàárín 26 sí 30. Bí omi bá ti wálẹ̀ dé nǹkan bíi 20, oúnjẹ ò fi bẹ́ẹ̀ wù ú mọ́, tó bá sì tún wálẹ̀ dé nǹkan bíi 16, kò ní jẹun rárá. Àrọ̀ náà ò jìnnà sí i. Ohun tí àna mi rí tó pè ní ooru gan-an ni ọyẹ́ ẹ̀pìyà. Omi Deckers lóṣù Kìíní àti omi Kampe láàárọ̀ ọjọ́ náà fi nǹkan bíi 18°C jìnnà síra, síbẹ̀ ohun kan náà ni wọ́n ń ṣe sí ẹja tó ń gbé inú wọn. Wọ́n ń sọ ara rẹ̀ di wúwo, wọ́n sì ń di ẹnu rẹ̀. Tẹmómítà kò parọ́, ẹja ilẹ̀ òkèèrè ni àna mi fi túmọ̀ ohun tó sọ.

Kò ya olórí kunkun, mo gbọ́dọ̀ sọ ìyẹn. Nígbà tí oòrùn yọ sókè tí nǹkankan ò tíì fa okùn rẹ̀, ó jókòó, ó ronú, ó ní ó dára, ẹ jẹ́ ká gbà pé òtútù ni. Ó fa òfin òtútù yọ. Ó so òjé kékeré mọ́ okùn kó lè rì, ó lọ sórí ibú, ó jẹ́ kí ìwọ̀ wọlẹ̀ dé ìsàlẹ̀, ó ń jẹ́ kí omi gbé e díẹ̀díẹ̀, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Deckers láàárín ọ̀sán. Iṣẹ́ náà mọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó wu èèyàn wò. Ẹja ò fọwọ́ kàn án.

Ibi tí mo ti ń fetí sí Bàbá nìyẹn. Bàbá kì í fi ìwọ̀ pẹja láàárọ̀ ọyẹ́. Ohun tó ń gbé e débẹ̀ ní kùtù ni pé ó ń lọ yọ àwọ̀n àti ìgèrè tó ti dẹ sínú ibú láti ìrọ̀lẹ́, àti okùn oníwọ̀ púpọ̀ tó fi ọṣẹ gígé ṣe oúnjẹ rẹ̀ fún òbòkún. Ẹja tó ń bá nínú àwọ̀n wọ̀nyẹn kì í ṣe pé ebi ló gbé wọn wọ̀ ọ́. Òru ló lé wọn wọnú ibú. Etí omi ló kọ́kọ́ ń tutù bí oòrùn bá ti wọ̀, nígbà tí ibú ṣì ń fi ooru àná pamọ́, wọ́n á sì kó ara wọn jọ síbẹ̀ di ojúmọ́. Kó tó di ìrọ̀lẹ́ ni Bàbá á mú ọ̀pá ọparun rẹ̀ pẹ̀lú ekòló, á wá jókòó síbi pẹrẹsẹ, kì í sì í fi ojú kan ibú.

Mo ní kí àna mi yá mi ní tẹmómítà rẹ̀. Ní kùtù, nígbà tí etí omi wà ní 22, nǹkan bíi 24 ni ibú wà. Nígbà tí aago mẹ́ta ọ̀sán lù, etí omi ti gun dé 27, ibú kò kúrò lójú kan. Ẹja ń kọjá láti ìhín sí ọ̀hún bí ooru bá ti ń kọjá. Ní Deckers kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí oòrùn ìgbà òtútù wọn kò lágbára tó láti mú etí omi yàtọ̀ pátápátá sí ibú, trout kì í sì í kúrò níbi tí omi ti rọra ń ṣàn nítorí ìwọ̀n kan tàbí méjì. Àna mi ti lo òfin ooru ní wákàtí òtútù. Nígbà tó wá lo òfin òtútù, ibi tí ẹja ti ṣí kúrò ló ti ń lò ó.

Nígbà tí a máa padà lọ, kò kúrò nílé títí a fi jẹ iyán ọ̀sán tán. Ó bọ́ jákẹ́ẹ̀tì pupa sílẹ̀, ó wọ dàńṣíkí aláwọ̀ ilẹ̀ kan tó jẹ́ tèmi, nítorí nínú omi tó mọ́ tí kò sì jìn, ẹja á ti rí èèyàn kí èèyàn tó rí i. Àwọn ará Deckers mọ èyí dáadáa, omi tiwọn náà máa ń fà á sì mọ́ nígbà òtútù, okùn tín-ín-rín ni wọ́n ń so mọ́ ìdí ìwọ̀, wọ́n sì máa ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí wọ́n bá ń sún mọ́ odò. Ó tún fẹ́ kí okùn rẹ̀ máa léfòó, òróró tó kó wá sì ti tán. Ìyàwó rẹ̀ bu òrí fún un nínú èyí tó fi ń pa gìgísẹ̀ tó sán. Ọyẹ́ ti mú kí òrí náà dì gbagidi. Ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ra á títí ó fi yọ́, ó wá ń fa okùn náà gba àárín ìka rẹ̀ kọjá, ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn èkejì, títí gbogbo rẹ̀ fi ń dán. Bàbá ní òun ò tíì rí ibi tí wọ́n ti ń fi òrí pa okùn lára rí. Ó gba díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi pa ètè.

Ìwọ̀ náà yí padà. Ìdin Deckers kò bá ẹ̀pìyà mu lọ́sàn-án, nítorí ohun àwọ̀ ewé ara òkúta ni ẹ̀pìyà ń há jẹ jù. Àna mi tu òwú àwọ̀ ewé lára súwẹ́tà ilé-ìwé ọmọ mi tó ti gbó, ó wé e mọ́ ìwọ̀, ó fi ìyẹ́ ọrùn àkùkọ ilé wa parí rẹ̀. (Òwú àti ìyẹ́ àkùkọ ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Aelian ará Róòmù kọ ọ́ sílẹ̀, ó lé ní 1,700 ọdún sẹ́yìn, pé àwọn ará Masidóníà ń fi òwú pupa àti ìyẹ́ ọrùn àkùkọ wé ìwọ̀ láti fi pa ẹja olámì tótòtó.)

Ó jù ú sẹ́yìn òkúta kan. Kò fà á. Òwú náà mu omi, ó ń rì, ó balẹ̀ sórí iyanrìn. Ẹja méjì yọ láti abẹ́ òjìji òkúta, wọ́n sún mọ́ ọn, wọ́n dúró, wọ́n tún sún mọ́ ọn. Èyí tó tóbi nínú wọn dorí kodò díẹ̀, ìdí rẹ̀ gòkè, ẹnu rẹ̀ là, ìwọ̀ sì pòórá. Kò sí pé ẹja gbé okùn sáré. Orí okùn tó ń léfòó, tó ti ń tẹ̀ lé omi lọ láti ìgbà yẹn, kàn dúró ni. Ká ní okùn náà rì ni, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀. Àna mi gbé ọ̀pá sókè, ọ̀pá náà tẹ̀ dé ìdajì, Bàbá sì kígbe kan tó mú kí àwọn ọmọ tó ń fọṣọ lókè odò dìde.

Ẹ̀pìyà náà fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ dáadáa. Àna mi kò gbé e kúrò nínú omi. Ó yọ ìwọ̀ lẹ́nu rẹ̀ níbẹ̀, ó ṣí ọwọ́, ẹja bá tirẹ̀ lọ.

"Kí lo ṣe yẹn?" Bàbá ti dìde dúró.

"Mo dá a sílẹ̀ ni, Bàbá. Kó lè máa pọ̀ sí i nínú odò."

"O bá ẹja ṣeré tán, o ní kó máa lọ? Ìyàwó rẹ ńkọ́, ewé lásán ni kó fi sebẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ yìí fẹ́ di ìjà. Àna mi ṣàlàyé pé apẹja pọ̀ ju trout lọ lọ́hùn-ún, tí gbogbo wọn bá ń gbé ti wọn lọ sílé, kò ní pẹ́ tán. Ó ní nígbà òtútù wọn kì í tilẹ̀ gbé ẹja sókè tí afẹ́fẹ́ bá tutù ju yìnyín lọ, nítorí ibi tí ẹja fi ń mí lè dì kí wọ́n tó dá a padà. Bàbá gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó ní ẹja tí èèyàn ò ní jẹ, kó má dà á láàmú rárá. Tí wọ́n bá bi mí, ẹ̀yìn Bàbá ni mo wà lórí èyí tó tóbi. Odò tí ó ń bọ́ ilé yàtọ̀ sí odò tí wọ́n ń lọ ṣe fàájì. Lórí àwọn kéékèèké, ẹ̀yìn àna mi ni mo wà, nítorí àwọ̀n olójú wẹ́wẹ́ ti ba nǹkan jẹ́ púpọ̀ lórí odò wa. Wọ́n wá parí rẹ̀ pé èyí tí kò bá kún àtẹ́lẹwọ́ ni yóò padà sómi. Bàbá gbà, ó ní àtẹ́lẹwọ́ tòun ni wọ́n á lò.

Kì í ṣe gbogbo ọ̀sán ló dára. Ọjọ́ kan wà tí eruku pọ̀ lókè tó bẹ́ẹ̀ tí oòrùn fi funfun, èèyàn lè tẹjú mọ́ ọn. Aago mẹ́ta lù, etí omi kò ju 24 lọ, ibi pẹrẹsẹ sì dá páropáro. Àna mi fẹ́ dúró. Bàbá ti palẹ̀ mọ́, ó ti ń lọ dẹ àwọ̀n rẹ̀ sínú ibú láìdúró de ìrọ̀lẹ́. Òun kò nílò tẹmómítà. Ó ní bí iyanrìn bá ṣì tutù lábẹ́ ẹsẹ̀ òun lọ́sàn-án, òun kì í yọ ọ̀pá.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí délé, àwọn ọ̀dọ́ kan ní ṣé a ò lè ra ọmọ trout wá sin, nígbà tí òtútù ti wà nílẹ̀ wa. A ò lè ṣe é. Òtútù tó ń jẹ́ ká wọ súwẹ́tà kò tó trout. Bí omi bá sì ṣe ń gbóná ni afẹ́fẹ́ tí ẹja ń mí ń dín kù nínú rẹ̀. Lítà omi kan tó wà ní 5°C lè gba nǹkan bíi mílígíráàmù ọ́síjìn 12.8, tó bá dé 25°C kò ju nǹkan bíi 8.3 lọ, trout sì jẹ́ ẹja tó nílò ọ́síjìn púpọ̀. Wọ́n gbé e wọ Kẹ́ńyà ní 1905, ó sì dúró, ṣùgbọ́n inú àwọn odò tútù tó ń sọ̀ láti orí òkè gíga bíi Òkè Kẹ́ńyà ni. Owó tí àwọn ọ̀dọ́ náà fẹ́ ná, kí wọ́n fi ra ọmọ àrọ̀.

Àrọ̀ gan-an ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé, nítorí àwọn tó ń sìn ín lágbègbè wa ń pàdánù owó sí ọyẹ́ lọ́dọọdún. Oúnjẹ ẹja wọ́n. Ẹni tó bá da oúnjẹ sí pọ́ǹdì ní aago méje àárọ̀ oṣù Kìíní, ìsàlẹ̀ omi ló ń bọ́. Ẹja á gòkè díẹ̀, á yí ojú padà, oúnjẹ á jẹrà, omi á bàjẹ́. Èmi máa ń dúró títí oòrùn á fi wọnú pọ́ǹdì dáadáa. Èyí tí mo bá fún wọn nígbà náà ni mo máa ń pín, mi ò ní dà á lẹ́ẹ̀kan. Tí wọn ò bá sì gba àkọ́kọ́ pẹ̀lú ariwo, mo gbé ike mi kúrò. Nígbà tí àna mi rí èyí, ó ní ohun tí wọ́n ń ṣe ní Deckers nìyẹn, pé bí èèyàn bá jù ú lẹ́ẹ̀mẹ́ta síbì kan láìsí èsì, kó sún síwájú. Mo sọ fún un pé èmi ò ní ibi tí mo máa sún sí, pọ́ǹdì kan ni.

Ohun tó yà á lẹ́nu jù ni ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀, kòkòrò kéékèèké kan máa ń gbá jọ lórí omi Kampe, wọ́n á máa gòkè sọ̀ kalẹ̀ lójú kan. Ó mú ọ̀kan sórí ìka, ó gbé gíláàsì rẹ̀ wọ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, èyí ni ti Deckers!" Òótọ́ ni pé ẹbí kan náà ni. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ibi tí ẹbí kòkòrò náà ò sí láyé, kódà wọ́n wà nílẹ̀ yìnyín Antarctica. Ìdin wọn ni ìdin pupa tó ń jà nínú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ pọ́ǹdì mi. Àwọn ẹja wẹ́wẹ́ tó funfun bíi fàdákà ti ń yọ ẹnu sí wọn káàkiri ojú omi. Ó sáré tú ìwọ̀ aláwọ̀ ewé kúrò, ó fi ìwọ̀ Deckers tó kéré bíi hóró ìrẹsì sí i, èyí tó wé lọ́wọ́ ara rẹ̀ ní Denver fún ẹja tí kò lè gbé ilẹ̀ wa láé, ó sì ń fa àwọn ẹja fàdákà náà jáde ní ìtẹ̀lé-ìtẹ̀lé títí ilẹ̀ fi ṣú. Gbogbo wọn ló wọnú àpẹ̀rẹ̀. Wọn ò kún àtẹ́lẹwọ́ o, ṣùgbọ́n Bàbá ní ìran tiwọn kì í tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ, òfin àná ẹ̀pìyà ló bá wí. Àbúrò mi dín wọn gbẹ, a fi jẹ iyán.

Àna mi ti padà lọ ní oṣù Kejì, ó fi tẹmómítà sílẹ̀ fún mi. Ní òpin oṣù Kẹta, nígbà tí ooru ti bẹ̀rẹ̀ sí í pa èèyàn, mo tún lọ wọn etí omi náà lọ́sàn-án, ó ti kọjá 31. Kò sí ẹ̀pìyà kan níbi pẹrẹsẹ. Bàbá ò sí níbẹ̀ náà. Wọ́n ní ó ti wá láti ìdájí, ó ti pa tirẹ̀, ó ti lọ sùn.